Ẹ Ṣeun o, Ẹ̀yin Ènìyàn Wa: Òkúta Ìyá Àgbà ti Dúró

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, a ti ṣí òkúta ibojì tuntun tí a ṣe fún Ìyá Àgbà, a ti délé, a sì ti mí kanlẹ̀. Òjò ò rọ̀, ẹnikẹ́ni ò fẹsẹ̀ kọ, òkúta ò sì wó lu ẹnì kan bí Bàbá Kékeré ṣe ń bẹ̀rù láti àárọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Gbogbo yín lẹ mọ ìjà 3 àti 8. Ọdún mélòó la fi jà á! Òjò ti jẹ ojú mábù àtijọ́ yẹn débi pé nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọdún tí Ìyá Àgbà papò dà ò hàn mọ́. Tó bá jẹ́ 3 ni, a jẹ́ pé Ìyá Àgbà ti wà nínú sàréè kí wọ́n tó bí Bàbá Kékeré. Bàbá fúnra wọn máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé òkú ló bí àwọn. Àbíkẹ́yìn ilé wa ló gbà wá, lálẹ́ ọjọ́ tí a lọ wo ilẹ̀. Gbogbo wa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí òkúta lójú gan-an, òun gbé tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ rá kọjá lórí mábù, òjìji sì dá sínú gbogbo ibi tí ìlà ṣì kù díẹ̀. 8 ni! Bàbá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ọmọ dáadáa, iná tìrẹ náà ò ní kú.

Ká má purọ́, òjò nìkan kọ́ ló ba òkúta yẹn jẹ́. Ọdọọdún la máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti bílíìṣì fọ̀ ọ́. A rò pé ìtọ́jú là ń ṣe, àṣé orúkọ ìyá wa là ń fá dànù. Mábù ò le tó bẹ́ẹ̀, kíkan díẹ̀ tó wà nínú omi òjò gan-an ń jẹ ẹ́. Gírànáìtì tó wà níbẹ̀ báyìí le jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni o. Òkúta àtijọ́ ò lọ síbì kankan, ìdí òkúta tuntun la tẹ́ ẹ sí.

Ọ̀gá tó gbẹ́ òkúta, ẹ fara dà á fún wa nígbà tí a dá iṣẹ́ padà nítorí àmì abẹ́ "ọ" kan ṣoṣo. Ẹ ní ta ni yóò wò ó. Ìyá tó ni orúkọ ni, sà.

Kí la fẹ́ sọ fún Àǹtí Àgbà? Òkúta kékeré ẹ̀gbẹ́ ibojì yẹn, tí a máa ń jókòó lé láti sinmi (Ọlọ́run dárí jì wá), àwọn nìkan ló mọ̀ pé sàréè ni. Ọmọ jòjòló kan tó lo ọjọ́ díẹ̀ péré láyé ló sùn síbẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá sì ti mú Àǹtí kọjá níbẹ̀, Ìyá Àgbà á ní kí Àǹtí yà kí àbúrò wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí "Àbúrò" nísàlẹ̀ orúkọ Ìyá Àgbà, láìsí ọdún, láìsí nǹkan míì. Àǹtí ti pé ọdún 84, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà nígbà tí a ṣí aṣọ, ìka ni wọ́n fi kà á. Ẹ rántí bí ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́. A, B, U, wọ́n dúró díẹ̀ lórí R, wọ́n ní, "Àbúrò, mo mà dé o. Mo pẹ́." Ẹni tó ń ya fídíò gan-an gbàgbé ara ẹ̀, ilẹ̀ ló yà. A ò bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àga, ẹ̀yin akọrin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣí géètì itẹ́ òkú fún wa kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ̀yin àna wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó di Àǹtí lápá mú tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣubú, a ò tíì mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fojú hàn. Bí a bá gbójú fo ẹnikẹ́ni, orí ló kún, ẹ má fi ṣe ìbínú. Ayọ̀ la ó fi san án fún yín. Ẹ ò ní fi ọmọ sínú erùpẹ̀. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó gbó, àwọn tẹ́ ẹ bí ni yóò kọ orúkọ yín sára òkúta, wọn ò sì ní ṣì í kọ.

Ẹnì kan gbàgbé gíláàsì olójú dúdú àti ọ̀pá ìtilẹ̀ kan sórí àga ìlà kejì. Ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ló wà, wọ́n sì ti ń fi ọ̀pá náà rìn.