Lẹ́tà sí Ìyá Ìtọ́kù: ìlà tí ẹ fò

Ìyá Ìtọ́kù mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. A sọ ọmọ lórúkọ ní Sátidé. Obìnrin ni. Àbẹ̀kẹ́ ni mo fún un ní oríkì. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ bá ní Àṣàkẹ́ ló bá ojú ẹ̀ mu.

Nígbà tó kan kí wọ́n ki ọmọ, gbogbo ilé dákẹ́. Bùrọ̀dá ń wo ìyàwó wọn, ìyàwó wọn ń wo ilẹ̀. Ni ọ̀dọ́mọdé kan bá yọ fóònù, ó ní òun ti rí oríkì Ẹ̀gbá lórí YouTube. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló bá wa ki ọmọ, àwọn èèyàn sì ń náwó sí i. Mo wọ yàrá lọ bí ẹni pé mò ń wá nǹkan.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú ìwé jókòó tì yín? Ẹ ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ, ẹ ń pe oríkì wa, mò ń kọ ọ́. Ẹ dé ibi tí bàbá bàbá yín ti sọdá odò Ògùn, ẹnu yín kàn dúró. Ìyẹ́ wà lókè, ẹ̀kọ ń kán sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ìyókù ńkọ́?" Ẹ ní, "Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ." Ẹ fò ó, ẹ bọ́ sí ibòmíràn. Mo fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé náà, ìbú ìka mẹ́ta. Ọdún 19 rèé, àyè náà ṣì wà.

Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ìjà ẹbí ni? Àbí ẹ kàn gbàgbé, tí ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀? Ẹ̀yin tí ìyá yín pọ̀n lọ sí ààfin Aké ní 1947, nígbà tí àwọn obìnrin ọjà ní àwọn ò san owó orí mọ́! Gbogbo orin tí wọ́n fi bú Aláké lẹ máa ń kọ fún wa, tèébú tèébú. Èébú ọba ò tì yín lójú. Kí ló wá wà nínú ìlà kan?

Ẹ máa ń ní ewì tó bá ti wọnú ìwé ti kú. Mo ní Sóbò Aróbíodu ńkọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, tó tẹ àrùngbè, ewì àwọn olórò, síwèé láti nǹkan tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Ẹ kọ́kọ́ wo ìta, bí ẹni pé Orò ń kọjá lọ, kí ẹ tó ní, "Ṣé o lè gbé ohùn ẹ̀?" N ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n mo lè kà á, Ìyá. Tiyín tí ẹ ò jẹ́ kí n kọ, ta ló máa kà á fún mi?

Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá ò tíì san owó oṣù mẹ́ta. Òru ni mo ń kọ ewì, mo ń fi í sórí WhatsApp. Ìyàwó mi bi mí pé èló ni wọ́n ń san lórí ẹ̀. N ò rí èsì fọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ní Kánádà, n ò mọ̀ ọ́n rí, fi ohùn ránṣẹ́. Ewì tí mo kọ nípa èékánná yín tí aró ti sọ di dúdú ló ń kà sí mi létí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá òun. Ó pa ọ̀rọ̀ méjì dà, tiẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Díẹ̀ ló kù kí n bi í bóyá ó mọ ìlà yẹn. Ẹ wo wèrè.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ibẹ̀ ni ojú oníbàárà ń lọ. Ẹ lọ, ẹ ò bá mi ha á.

Lánàá, wọ́n mú iná lọ, ọmọ ń ké. Mo gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mo dé etí odò Ògùn, mo dúró. Ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi.

Àkànní yín ni