Gáàsì Kékeré Ló Ń Há Ooru Mọ́ Wa

Olóòtú wa àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ooru tó ń mú l'Ékòó. Mi ò fara mọ́ ẹni tó sọ níbẹ̀ pé èéfín ẹ̀rọ kéré jù láti mú ayé gbóná. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, naitrójìn àti ọ́síjìn kó nǹkan bí ìdá 99 nínú 100, wọn kì í sì í dá ooru dúró. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó wà nínú èéfín ẹ̀rọ, tí kò tó ìdá kan ló ń ṣe é. Oòrùn á ràn, ilẹ̀ á gbóná, ooru á fẹ́ gòkè lọ, gáàsì yìí á gbà á sára, á sì dá apá kan rẹ̀ padà sọ́dọ̀ wa. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Tyndall, ti fi ìdánwò hàn láti 1859 pé gáàsì yìí ń gba ooru. Kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó dáyé, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni gáàsì yìí jẹ́ nínú rẹ̀; ó ti kọjá 420 báyìí.

Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe jẹun, mo mọ iye epo tí àdúgbò kan ń jó lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò bá sí; bí epo yẹn sì ti ń jó ni gáàsì yìí ń jáde.

Ẹ má gbàgbé ààtàn Olúsósùn l'Ójọ̀ta náà. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà ń tú gáàsì mìíràn tó ń jẹ́ mẹ́tẹ́ènì jáde, ìyẹn sì lágbára láti há ooru mọ́ wa ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi ìjọba léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀,
Mushin, Èkó.