Má tètè sọ iye tó tọ̀nà fún wọn

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú òtútù o. Ṣé gbogbo ilé wà dáadáa ní Manchester? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni f'Ólúwa.

O bi mí bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìwọ̀n tí kì í dọ́gba. N kì í fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Rúlà kékeré, oní-sẹ̀ǹtímítà 15, ni mo máa ń fún wọn, kí olúkúlùkù fi wọn gígùn pátákó ìkọ̀wé láìwo ti ẹnì kejì. Iye tí wọ́n á mú wá, ní sẹ̀ǹtímítà, kì í bára mu: 238, 241, 236, 243. Wọ́n á ní, "Àǹtí, èwo ló tọ̀nà?" Jọ̀wọ́, má dáhùn. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà pélébé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí àwọn tó bá jọra gun ara wọn. Wọ́n á fojú ara wọn rí i pé àárín ló ga jù, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń fà tín-ín-rín.

Ìgbà yẹn ni kí o wá bi wọ́n pé kí ló fà á. Ẹni tó ń fi àlàfo sílẹ̀ bó ṣe ń sún rúlà, iye tirẹ̀ á kéré. Ẹni tí rúlà rẹ̀ ń gun ibi tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ á pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe méjèèjì láìmọ̀, ọ̀kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì rẹ́. Ohun tó ń mú àárín kún nìyẹn.

Ní sáà tó kọjá, ọmọ kan mú 224 wá. Àwọn yòókù ní ká ya á dànù. Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn: "Ẹ fi 15 kún un ná." Ó di 239! Rúlà ẹyọ kan ni ọmọ yẹn gbàgbé láti kà. Inú mi dùn gan-an.

Bí wọ́n bá wá fi téèpù wọ̀n ọ́n, àwọn nọ́ńbà á sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ pátákó ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí orí téèpù bá ti gé, gbogbo kíláàsì á fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí kò tọ̀nà, ìpíndọ́gba ò sì lè tún un ṣe.

Ní 2003, àwọn olùwádìí ẹ̀kọ́ mẹ́ta, Petrosino, Lehrer àti Schauble, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Amẹ́ríkà tí wọ́n wọn gíga òpó àsíá báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké, olórí ṣóńṣó àti olórí róbótó, láti mọ èyí tó ń ga jù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, Bùnmi: ṣé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju ìyàtọ̀ tó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀ nínú ìwọ̀n lọ? Ọmọ tó bá ti to bébà sára ògiri rí á mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń wí.

Tí o bá dán an wò, fi fọ́tò ògiri yín ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Tọ́pẹ́