Bọ́láńlé, kí ìwọ àti Màmá tó gbéra lọ sí Róòmù

Bọ́láńlé ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ máa lò ní Róòmù lóṣù Ọ̀wàrà, o sì to ibi méjìdínlógún tí ẹ fẹ́ rí kalẹ̀. Jọ̀ọ́, fa mẹ́wàá nù nínú rẹ̀. Ní Róòmù, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń pinnu ibi tí èèyàn máa dé, ìfẹ́ inú kọ́.

Físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni kó ṣáájú. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti lè gba ìwé yín, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Má ṣe dúró de ọjọ́ 15 yẹn o, nítorí àyè láti lọ fi ìwé sílẹ̀ gan-an ló máa ń wọ́n. Pásípọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kó sì ní ojú ìwé méjì tó ṣófo. Ìwé adójútòfò ìlera tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán, náà ń bẹ níbẹ̀.

Tí ẹ bá ń wá ilé ìtura, ẹ wo àdúgbò Prati. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, Fatikani sì wà nítòsí. Béèrè bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè wà, torí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní. Owó orí àlejò tún wà tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Ó sábà máa ń yàtọ̀ sí iye tí ẹ san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kó má ṣe dà bí ìrẹ́jẹ lójú yín.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Fiumicino, rélùwéè Leonardo Express máa ń dé Termini, ibùdó rélùwéè ńlá ìlú náà, ní ìṣẹ́jú 32, yúrò 14 lórí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú Màmá àti àpótí ẹrù, takisí funfun ló dáa jù. Iye kan ni ìjọba ìlú fi lélẹ̀ fún gbogbo èrò àti ẹrù wọn títí dé inú odi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Aurelian. Ẹ̀yìn odi yẹn ni Prati wà, nítorí náà kí ẹ béèrè iye tó máa jẹ́ kí ẹrù tó wọ bùútù.

Ọjọ́rú ni ti Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Póòpù máa ń pàdé àwọn èèyàn, tó bá wà nílé, nítorí náà yẹ ètò ìrìn àjò rẹ̀ wò kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìwọlé, ọ̀dọ̀ Prefettura della Casa Pontificia, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò ilé Póòpù, ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Ẹni tó bá tà á fún yín, olè ni. Kò sí nọ́ńbà lórí àga, ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó níwájú. Basilica Pétérù Mímọ́ kì í gba àlejò títí ètò yẹn fi parí, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá wọlé tán, ó ku àtẹ̀gùn òrùlé rírìbìtì rẹ̀: 551 ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè á gbé ọ dé apá kan, á wá ku 320 tí ẹsẹ̀ máa gùn, ọ̀nà rẹ̀ sì há. Jẹ́ kí Màmá máa ka rósárì wọn nísàlẹ̀. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ìró àti bùbá Màmá kò ní wàhálà, ṣòkòtò péńpé tìrẹ ni mo ń bá wí. Kí gèlè má sì ga jù, ẹni tó wà lẹ́yìn náà fẹ́ rí Póòpù.

Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù Fatikani. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sí ní gbàgede Pétérù Mímọ́ o. Viale Vaticano ló wà, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn yípo odi kí ẹ tó débẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìdajì wákàtí ṣáájú àsìkò orí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí ọ̀nà jíjìn kan nínú rẹ̀ ni ilé ìjọsìn Sistine wà, níbi tí ayàwòrán Michelangelo ti kun àjà láàárín 1508 sí 1512. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Mùsíọ́ọ̀mù náà máa ń tì lọ́jọ́ Ìsinmi, àfi èyí tó gbẹ̀yìn oṣù. Ọ̀fẹ́ ni tọjọ́ yẹn, èrò rẹ̀ sì burú jáì.

Ẹ fi Colosseum, pápá ìwòran ńlá ayé àtijọ́, sí ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tètè tán. Orúkọ ẹni ló máa ń wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fi wé pásípọ́ọ̀tù. Bí orúkọ Màmá ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí o kọ ọ́, má kọ “Ìyá Bọ́láńlé”. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló wọ Forum, àwókù gbàgede ìlú àtijọ́, àti òkè Palatine. Òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ibẹ̀, ìlú òkè méje ni Róòmù náà bíi ti Ìbàdàn wa, torí náà Forum nìkan tó fún Màmá.

Màmá á fẹ́ dé Scala Sancta, ìyẹn Àtẹ̀gùn Mímọ́, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Lateran, mo mọ̀ wọ́n. Àtẹ̀gùn 28 ni, orúnkún nìkan ni wọ́n fi ń gùn ún. Sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé pé àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ gùn.

Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní gbà yín ju ìdajì wákàtí lọ. Ihò tó wà lórí rẹ̀ kò ní ìdérí, òjò ń rọ̀ wọlé tààrà, omi á sì gba àwọn ihò kéékèèké ilẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ti tíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ kó lu òǹtẹ̀ lé e. Èyí tí ẹ rà tí kò ní òǹtẹ̀, ìtànràn ni. Bọ́ọ̀sì 64 tó ń ti Termini lọ sí Fatikani, àwọn jàgùdà mọ̀ ọ́n dáadáa, kí báàgì wà níwájú àyà. Ẹ mú ike omi tó ṣófo dání, omi ẹ̀rọ ìgboro tí wọ́n ń pè ní nasone mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Bàtà tó nípọn ni kí Màmá wọ̀ o, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì.

Kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, pẹ̀lú ọjọ́ tí físà bá jáde, kí n lè bá yín ṣọ́ tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Yétúndé