Ahọ́n tí zóbò pa láró

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi yà sọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin kan ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Wọ́n ní àwọn ń fi ẹ̀rọ wo àìsàn láti ara àwọ̀ ahọ́n: kọ̀ǹpútà kan, kámẹ́rà kan, lábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní kí màmá yọ ahọ́n síta. Ẹ̀rọ ní ẹ̀dọ̀ màmá ti ń bàjẹ́, ni wọ́n bá ta àgbo ìgò méjì fún wọn. Owó ẹja lọ.

Ẹkún ni màmá bá wọlé. Mo ní kí wọ́n lanu kí n wò ó: ahọ́n pupa fòò, ètè náà pupa. Zóbò ni wọ́n mu kí wọ́n tó débẹ̀! Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe lọ́jọ́ kejì ní ẹ̀dọ̀ wọn kò ní nǹkan kan.

N kò ní irọ́ ni ìmọ̀ wíwo ahọ́n o. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń wo ahọ́n, àwọn dókítà wa náà sì mọ̀ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa sọ ọ́ di funfun. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí ní Ìráàkì àti Ọsirélíà ní kọ̀ǹpútà àwọn, tí àwọn fi àwòrán 5,260 kọ́, gba 98 nínú 100 nínú dídá àwọ̀ ahọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n 60 péré ni wọ́n fi dán an wò ní ti àìsàn, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ sì jẹ wọ́n lógún gan-an, torí ìmọ́lẹ̀ a máa yí àwọ̀ padà. Ti abẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé wá ńkọ́?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wa béèrè ìwé àṣẹ àwọn ọmọkùnrin náà.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde