Àjọkẹ́, Ṣé O Ń Sùn?

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè ọ́, o ò gbé e. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé aago mẹ́ta òru lo máa ń dá a lóhùn, pé ọkàn rẹ ń lù kìkì láìnídìí, pé aṣọ ti ń há ọ níkùn. Ṣé o ń sùn?

Ikọ́ ti fi bàbá rẹ sílẹ̀. A ti tún òrùlé ṣe. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi kọ̀wé.

Ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ó jókòó síbẹ̀ bíi fìlà. Ibẹ̀ ni adírẹnálínì tó ń mú ọkàn lù kìkì ti ń wá, ibẹ̀ náà ni kọ́tísọ́ọ̀lù, ohun tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, ti ń wá. Bí ìdààmú bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Bí ewu bá kọjá, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjọkẹ́, ibo lo ń sá lọ? Orí àga lo wà! Ínsúlínì á fẹ́ kó ṣúgà yẹn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, kọ́tísọ́ọ̀lù á máa dí i lọ́wọ́, títí ara ò fi ní gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa mọ́. Ọ̀rá á wá máa kó jọ síkùn.

Òwúrọ̀ ló yẹ kí kọ́tísọ́ọ̀lù ga, kó sì wálẹ̀ pátápátá lọ́gànjọ́. Ìwọ sọ òru di ọ̀sán. Olóríkunkun ni ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ebi ń pa ọ́ ṣáá, má bú ara rẹ, ọmọ mi. Àìsùn máa ń mú kí họ́mónù, ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, tó ń fa ebi pọ̀ sí i, kí èyí tó ń sọ pé a ti yó sì dínkù. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí o bá sùn lé ìwé lórí ní kékeré, omi tútù ni mo fi ń nu ojú rẹ, mo ní ọ̀lẹ ló ń sùn. Mo fi ń yangàn láàárín èèyàn pé ọmọ mi kì í sùn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ó ku ohun tí n kò sọ fún yín. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó jẹun. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 126 mg/dL, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò wálẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Tèmi jẹ́ 148, wọ́n tún un ṣe, kò wálẹ̀. Kì í ṣe àìsùn nìkan ló ń fà á, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo fi ránṣọ mọ́jú, mi ò lè ní kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Abẹ́ òwú ìránṣọ ni mo ń fi oògùn náà pamọ́ sí. Bàbá rẹ ò mọ̀.

Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ní kí wọ́n wo ti tírọ́ọ̀dù mọ́ ọn, torí bí họ́mónù ọrùn yẹn bá pọ̀ jù, ọkàn á máa lù bẹ́ẹ̀ náà. Kí o sì pè mí. Bó bá jẹ́ aago mẹ́ta òru lo ráyè, pè mí. Rárá, má pè nígbà yẹn. Sùn. Pè mí tílẹ̀ bá mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ