Àwòrán tí kò jọ nǹkan kan

Ìtokú, Abẹ́òkúta

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Má bínú pé mo pẹ́. Nígbà tí o bi mí lórí fóònù pé fọ́tò Màmá tí mo ṣèlérí dà, ṣe ni mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, n kò lè ya ojú ènìyàn kankan. Mo bá kó gbogbo fọ́tò wọn tó wà nílé jọ. Wọ́n wé gèlè, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tán. Kò sí èyí tó sọ bí ilé yìí ṣe rí ní aago 5 ìdájí tí n kò gbọ́ ìró sálúbàtà wọn mọ́.

Ní Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò aró Màmá. O ṣì rántí bí aṣọ ṣe máa ń jáde níbẹ̀: á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di aró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú aró náà títí etí ìkòkò fi kúrò nínú àwòrán. Ìfófó nìkan ló kù, tó ń dán bí idẹ, àti dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, á sọ irú dúdú bẹ́ẹ̀ di àwọ̀ eérú. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù kí dúdú lè dúdú dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, Àjọkẹ́. Mo ń sunkún, mo ń yà á lọ.

Ọ̀rọ̀ Alfred Stieglitz, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà nì, wá yé mi. Ní 1922, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú kámẹ́rà sí àwọsánmà ní Lake George, ní ìpínlẹ̀ New York. Fún bí ọdún méjìlá ló fi yà wọ́n. Fọ́tò kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ilẹ̀, kò sí igi, o ò ní mọ apá ibi tó jẹ́ òkè. Equivalents, ìyẹn àwọn ohun tó dọ́gba, ló pè wọ́n, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àwọsánmà náà dúró fún.

Mo fi ọ̀kan han ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọn ò bi mí pé kí ni. Wọ́n kàn ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn.

Mẹ́ta ló wà nínú ìwé yìí. N kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn wọn. Ọ̀nà tó bá wù ọ́ ni kí o gbé wọn kọ́, kí o sì kọ ohun tí o bá rí sí mi.

Èmi ni,
Àlàkẹ́ rẹ